Ilé ìwòsàn ojú ti kún ní Bìrìtéènì: iṣẹ́ wo ló yẹ kó bọ́ sọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù awò àdúgbò?

Nínú gbogbo ẹ̀ka ilé ìwòsàn NHS (ètò ìlera ìjọba Bìrìtéènì) ní England tí èèyàn ti ń rí dókítà tó sì ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà, ẹ̀ka ojú ni èrò pọ̀ sí jù. Nínú ìbẹ̀wò mẹ́wàá, nǹkan bí ọ̀kan ló jẹ́ ti ojú. Lọ́dún, ó ju mílíọ̀nù 7 lọ. Àwọn tí orúkọ wọn ṣì wà nílẹ̀, tí wọ́n ń retí ìtọ́jú àkọ́kọ́, tó nǹkan bí 600,000. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn kan fi ń lọ láàárín ìjọba, àwọn dókítà ojú àti àwọn optometrist: ṣé kò ní dáa kí wọ́n gbé apá kan iṣẹ́ yìí kúrò nílé ìwòsàn, kí wọ́n gbé e fún àwọn tó ń yẹ ojú wò ní ṣọ́ọ̀bù awò tó wà létí títì ní gbogbo àdúgbò?

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Màá sọ ìdí rẹ̀ bí a bá dé ibẹ̀.

Optometrist kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Yunifásítì ló ti kọ́ iṣẹ́ ojú, ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, ó sì yege ìdánwò kí General Optical Council, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Òun lẹ máa ń bá nínú yàrá dúdú kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tó ń béèrè pé ṣé èyí ló mọ́lẹ̀ jù àbí èyí. Ẹni tó ń ta férémù níwájú kọ́ ni o. Ophthalmologist ní tirẹ̀ ni dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú, tó ń gún ojú lábẹ́rẹ́. Ilé ìwòsàn lẹ ti máa rí i. Optometrist tó wà nínú ìwé ní Bìrìtéènì lé ní 15,000. Àwọn ọ̀gá dókítà ojú kò súnmọ́ iye yẹn rárá. Láti 2008 sì ni òfin ti fàyè gba optometrist tó bá lọ kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn kún tirẹ̀ láti máa kọ oògùn ojú fúnra rẹ̀, láìdúró de dókítà kankan.

Àwọn tí kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n

Iye 600,000 yẹn kò tíì sọ gbogbo rẹ̀. Ìlànà NHS ní England ni pé kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ sí ilé ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kí ọ̀sẹ̀ 18 tó pé. Orí èyí ni wọ́n ti ń díwọ̀n bóyá ilé ìwòsàn ń ṣe dáadáa tàbí kò ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, tí dókítà ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kò sí nínú ìṣirò yẹn. Bí oṣù mẹ́fà bá di mẹ́wàá, tí mẹ́wàá sì di mẹ́rìndínlógún, kò hàn nínú nọ́ńbà tí àwọn oníròyìn ń kà. Ibi tó yẹ kó hàn jù sì nìyẹn, torí pé púpọ̀ nínú àrùn tó ń fọ́ ojú kì í lọ bó bá ti dé: glaucoma (tó ń ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí ìfúnpá inú ẹyinjú sì sábà máa ń lọ́wọ́ sí i), àrùn ojú tí àtọ̀gbẹ ń fà, àti macular degeneration tó máa ń bá àgbàlagbà jà láàárín ojú gan-an. Títí ọjọ́ ayé ni wọ́n á máa yẹ ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ wò.

Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ ni pé ilé ìwòsàn á kọ́kọ́ tọ́jú ẹni tuntun kí wọ́n má baà já ìlànà ọ̀sẹ̀ 18, wọ́n á sì sún ọjọ́ ẹni àtijọ́ síwájú. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe jákèjádò Bìrìtéènì, tó jáde ní 2017, rí i pé ó tó èèyàn 22 lóṣù tí ìríran wọn ń bàjẹ́ lọ́nà tó le tàbí tí kò ní àtúnṣe mọ́, nítorí pé ilé ìwòsàn kò rí wọn nígbà tó yẹ. Ní oṣù kìíní 2020, HSIB, ilé iṣẹ́ tó ń wádìí ohun tó bá wọ́ nínú NHS nígbà náà, gbé ìròyìn jáde lórí obìnrin ẹni ọdún 34 kan tó ní glaucoma. Wọ́n sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú léraléra, gbogbo rẹ̀ jẹ́ oṣù 13. Kí wọ́n tó rí i, ojú ti lọ. Ẹni ọdún 34 ni o, kì í ṣe ìyá àgbà.

Kí ló fà á tí èrò fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn èèyàn ń dàgbà, ìyẹn kò ṣòro láti lóye. Ohun kejì ni ìtọ́jú tuntun tó ń ṣiṣẹ́. Kí 2008 tó dé, ẹni tó bá ní oríṣi macular degeneration tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sínú ojú, kò sí ohun púpọ̀ tí dókítà lè ṣe fún un. Lọ́dún yẹn ni NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀, fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sínú ẹyinjú. Abẹ́rẹ́ náà ń gba ojú là, ṣùgbọ́n wọ́n lè máa gún un lóṣooṣù tàbí lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Aláìsàn tí wọn ì bá ti ní kó máa lọ sílé di ẹni tó ń bọ̀ títí. Àwọn dókítà kò sì pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀: nígbà tí Royal College of Ophthalmologists, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ojú, ka àwọn èèyàn wọn ní 2022, mẹ́ta nínú ẹ̀ka ojú mẹ́rin ló sọ pé ọ̀gá dókítà tí àwọn ní kò tó fún iṣẹ́ tó wà nílẹ̀.

Ohun kẹta ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ló fi hàn jù bí ṣọ́ọ̀bù àdúgbò àti ilé ìwòsàn ṣe so mọ́ra. Ní oṣù kẹrin 2009, NICE gbé ìlànà jáde lórí glaucoma. Nínú rẹ̀, ìfúnpá inú ẹyinjú tó bá ju 21 lọ (mmHg ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) di ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ wádìí. Àwọn ẹgbẹ́ optometrist sì gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn nímọ̀ràn pé ẹnikẹ́ni tó bá ti kọjá 21, kí wọ́n kọ lẹ́tà, kí ẹjọ́ má baà dé bá wọn lẹ́yìn ọ̀la. Lẹ́tà bá ya wọ ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lọ ni wọ́n sọ fún níbẹ̀ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi oṣù mélòó kan dààmú. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2017, NICE gbé nọ́ńbà náà sókè sí 24, wọ́n sì ní kí wọ́n má ṣe fi ẹ̀rọ atẹ́gùn, èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn sójú, nìkan pinnu. Ojú kò yí padà, optometrist kò yí padà. Nọ́ńbà kan nínú ìwé ló ń sọ ẹni tó máa lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá dúdú

Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sójú, tí gbogbo wa máa ń ta gìrì bó bá ti fẹ́ ẹ, ló wọ́pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù. Ó yá, kò sì kan ojú. Ṣùgbọ́n ó máa ń ṣi nọ́ńbà sọ. Ẹni tó di ojú pinpin, ẹni tó di èémí mú, ẹni tí kọ́là ẹ̀wù fún mọ́ lọ́rùn, nọ́ńbà rẹ̀ lè ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí optometrist bá fẹ́ mọ òótọ́, ó ní ọ̀nà mìíràn. Á kán oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora pọ̀ mọ́ aró pupa rúsúrúsú sójú yín, á tan iná búlúù, á sì fi ṣóńṣó gíláàsì kékeré kan kan ẹyinjú fẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tí òun ń rí lápá tirẹ̀ ni ìlàjì òrùka méjì tó ń tàn bí ewé. Á máa yí bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀ títí etí inú ìlàjì méjèèjì á fi kanra, ìgbà yẹn ni á tó ka nọ́ńbà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni 26 tí ẹ̀rọ atẹ́gùn pè máa ń di 20 bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n báyìí, tí ẹni náà á sì máa lọ sílé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àyẹ̀wò ẹ̀gbẹ́ ojú: ẹ ó tẹjú mọ́ iná kan láàárín, iná kéékèèké á máa yọ lọ́tùn-ún lósì, ẹ ó sì máa tẹ bọ́tìnnì bí ẹ bá ti rí ọ̀kan. Ó máa ń súni, ẹlòmíì a sì sùn lọ síbẹ̀. Òun ló ń fi ibi tí glaucoma ti jẹ hàn, torí pé ẹ̀gbẹ́ ni àrùn náà sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, ọpọlọ a sì máa fi àwòrán dí àlàfo tó ṣí sílẹ̀ tí olójú kò fi ní mọ̀. Ẹ̀rọ tuntun tó tún wà ni OCT, tó ń ya àwòrán ìpele ìpele ẹ̀yìn ojú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ilé ìwòsàn nìkan ló ní in tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù awò ló ti ra á, owó oníbàárà ni wọ́n sì fi ń lò ó ní England, torí pé kò sí nínú àyẹ̀wò lásán tí NHS ń san.

Ẹ ẹ̀ rí i pé irinṣẹ́ ti wà, ìmọ̀ sì ti wà. Àríyànjiyàn lórí bóyá optometrist mọ iṣẹ́ tó, lójú tèmi, ti pẹ́ tó ti yẹ kó parí. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gúúsù London. Ní 2013, Lambeth àti Lewisham gbé ètò kan kalẹ̀ pé ẹni tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, tó bá ń ro ó, tàbí tó bá ń rí ohun dúdú tó ń fò kiri níwájú rẹ̀, kó lọ bá optometrist àdúgbò tó ti gba ẹ̀kọ́ kún un. Southwark tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò ní irú ètò náà nígbà yẹn, nítorí náà àwọn olùwádìí rí ohun tí wọ́n máa fi wé e. (Peckham, tí a ti ń ra iṣu àti pọ̀ǹmọ́ ní Rye Lane, Southwark ló wà. A ò rìnnà kore lọ́dún yẹn.)

Èèyàn 2,123 ló gba ọ̀nà ètò náà wọlé. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nǹkan bí 64 ni wọ́n tọ́jú tán ní ṣọ́ọ̀bù, nǹkan bí 19 péré ni wọ́n kọ lẹ́tà fún lọ sí ilé ìwòsàn, àwọn dókítà tó gbà wọ́n sì gbà pé nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ló yẹ kó wá lóòótọ́. Ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ tí lẹ́tà GP (dókítà àdúgbò) ń fà ní ẹ̀ka ojú fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù bí wọ́n ṣe fi wé Southwark.

Ẹ̀rí mìíràn wà tó tóbi jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti optometrist nìkan kọ́. Láti 2003 ni England ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ẹ̀yìn ojú àwọn tó ní àtọ̀gbẹ látìgbà tí wọ́n bá ti pé ọmọ ọdún 12. Àwọn ayafọ́tò tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ló ń ṣe é, àwọn mìíràn sì ń kà á. Dókítà kò ní rí ẹnì kan àfi bí fọ́tò bá ní ohun kan nínú. Ní 2014, ìwádìí kan fi hàn pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín nǹkan bí àádọ́ta ọdún, àtọ̀gbẹ kọ́ ló tún ṣe olórí ohun tó ń fọ́ ojú àwọn tó wà lọ́jọ́ orí iṣẹ́ ní England àti Wales. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà ní ó ṣeé ṣe kí fọ́tò yẹn wà lára ohun tó mú un wá.

Ojú pọ́n ní Glasgow, ojú pọ́n ní London

Ibi tí ẹ ń gbé ni ó ń sọ ohun tí ẹ máa rí gbà. Scotland ti ṣe tirẹ̀ láti oṣù kẹrin 2006: gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ọmọdé àti àgbà, olówó àti mẹ̀kúnnù, kì í san kọ́bọ̀ fún àyẹ̀wò ojú NHS. Àyẹ̀wò náà kì í sì í ṣe ti awò nìkan. Owó wà nínú rẹ̀ fún optometrist láti pe èèyàn padà wá kó tún un yẹ̀ wò kó tó kọ lẹ́tà kankan. Bí ojú yín bá pọ́n ní Glasgow, GP fúnra rẹ̀ á ní kẹ́ ẹ lọ bá optometrist. Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí ni wọ́n tún dá ètò glaucoma àdúgbò sílẹ̀, níbi tí optometrist tó ní ìwé àṣẹ oògùn ti ń gba aláìsàn tí àrùn rẹ̀ kò le kúrò lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, tí òun á sì máa bójú tó o.

Wales gba ọ̀nà tirẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2023 ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, tó pín iṣẹ́ optometrist sí ìpele márùn-ún: àyẹ̀wò ojú lásán, ojú tó bá di pàjáwìrì, ìrànwọ́ fún ẹni tí ìríran rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ṣíṣọ́ glaucoma àti àrùn ẹ̀yìn ojú, àti kíkọ oògùn. Jákèjádò orílẹ̀-èdè ni ìlànà náà jẹ́ ọ̀kan.

England ni ọ̀rọ̀ ti há. Àdéhùn tó wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè kò kọjá àyẹ̀wò ojú: wo ohun tí awò yóò jẹ́, wo bóyá àrùn wà, bó bá wà, kọ lẹ́tà. Owó tí ìjọba ń san fún ìyẹn kò ju pọ́n-ùn 25 lọ. Bí optometrist bá fẹ́ pe ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ga padà kó tún un wọ̀n pẹ̀lú iná búlúù yẹn, kò sí owó fún un, àfi bí àwọn aláṣẹ ìlera agbègbè, tí wọ́n ń pè ní ICB, bá ti bá a ṣe àdéhùn lọ́tọ̀. ICB tó wà nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ ní 2022 jẹ́ 42. Ọ̀kan lè san owó fún ojú pàjáwìrì kó má san ti glaucoma. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè ṣe é lódì kejì. Èèyàn méjì lè máa gbé òdìkejì títì kan náà kí ọ̀kan rí ìtọ́jú ní ṣọ́ọ̀bù, kí èkejì sì lọ sùn sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn.

Ohun tó ń jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù ṣí lójoojúmọ́ sì ni owó férémù àti gíláàsì. Àyẹ̀wò lásán kò lè san owó ilé. Ìdí nìyí tí àwọn kan kò fi fọkàn tán ètò yìí, mi ò sì lè bá wọn wí pátápátá. Ẹni tó ń yẹ ojú yín wò, ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ kẹ́ ẹ ra awò kẹ́ ẹ tó jáde. Ìdáhùn mi ni pé bí ìjọba bá san owó iṣẹ́ ìtọ́jú bó ṣe tọ́, optometrist á lè lo ìdajì wákàtí lórí glaucoma láìronú nípa férémù. Scotland àti Wales fi hàn pé ó ṣeé ṣe.

Ohun mìíràn tó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́ kò gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń múnú bí ni ju owó lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní England, kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù awò àti ti ilé ìwòsàn kò mọ ara wọn. Optometrist á ya àwòrán OCT tó mọ́ kedere, kò ní lè fi ránṣẹ́; á kọ lẹ́tà, lẹ́tà á gba ọ̀dọ̀ GP kọjá, ilé ìwòsàn á sì tún àwòrán náà yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí dókítà bá rí aláìsàn tán, kì í sábà kọ̀wé padà sí optometrist tó kọ́kọ́ rí i, nítorí náà onítọ̀hún kò ní mọ̀ bóyá òun gba á tàbí òun ṣì í. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ iṣẹ́ sí i bí kò sẹ́ni tó ń sọ èsì fún un?

Àwọn dókítà ojú ní ìfòyà tiwọn, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Wọ́n ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí cataract. Ìyẹn ni kí awò àdánidá tó wà nínú ẹyinjú máa ṣú, èyí tí wọ́n ń yọ tí wọ́n sì ń fi àtọwọ́dá tuntun rọ́pò. Lẹ́nu ọdún mélòó kan, ilé iṣẹ́ aládàáni gba ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ lọ́wọ́ NHS ní England, owó NHS ni wọ́n sì fi ń san án fún wọn. Àwọn tó ń dúró de cataract ń rí ìtọ́jú kíákíá, ó dáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó rọrùn, tó ń mówó wọlé, ló jáde. Iṣẹ́ tó le ló kù sí ilé ìwòsàn, àwọn dókítà kéékèèké tó ń kọ́ṣẹ́ sì ń wá ojú tó rọrùn tí wọ́n máa fi kọ́wọ́. Royal College of Ophthalmologists ti pariwo lórí èyí. Bí wọ́n bá gbé glaucoma jáde lọ́nà kan náà, láìro ibi tí dókítà ọ̀la ti máa kọ́ṣẹ́, wọn ò ní ṣe ju kí wọ́n gbé ìṣòro láti yàrá kan sí òmíràn.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń polówó ètò yìí kì í sọ jáde. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ tó dáa sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù, àrùn tí kò sẹ́ni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ á jáde síta, lẹ́tà sí ilé ìwòsàn sì lè kọ́kọ́ pọ̀ sí i. Ohun rere ni, torí ojú tó ń fọ́ lábẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe ìlérí fún mínísítà pé èrò máa dín kù lọ́dún àkọ́kọ́, irọ́ ló ń pa fún un.

Ní oṣù keje 2025, ìjọba Bìrìtéènì gbé ètò ìlera ọlọ́dún mẹ́wàá jáde fún England, tó ní kí ìtọ́jú kúrò nílé ìwòsàn bọ́ sí àdúgbò. Ètò náà bá ohun tí àwọn optometrist ti ń bẹ̀bẹ̀ fún mu rẹ́gí. Ọdún kan náà ni ìjọba sì ní kí àwọn ICB, àwọn tó yẹ kó kọ àdéhùn ojú wọ̀nyẹn, gé ìnáwó ọ́fíìsì wọn sí ìdajì. Ẹni tó fẹ́ gbà pé àwọn méjèèjì á jọ rìn, ó lè gbà bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kan tó wà lórí fọ́ọ̀mù

Ó wá ku tiwa. Glaucoma máa ń mú àwọn tó ti Áfíríkà ṣẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ju bó ṣe ń mú àwọn aláwọ̀ funfun lọ, ó sì máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ lára wa. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ìfọ́jú káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ti pé 40 ọdún ló ní in, Yorùbá àti Igbo sì wà lára àwọn tí ewu rẹ̀ ga jù fún. Ẹnì kan nínú márùn-ún tó ní in ti fọ́jú. Èyí tó burú jù ni pé nínú gbogbo àwọn tó ní glaucoma, kìkì 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló mọ̀ pé òun ní in.

Ẹ wá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin England. Ẹni tó ti kúrò lọ́mọdé, tí kò tíì pé 60, tí kò sí lórí owó ìrànwọ́ ìjọba, tí kò ní àtọ̀gbẹ, òun ló sábà máa ń san owó àyẹ̀wò ojú fúnra rẹ̀. Pé èèyàn jẹ́ aláwọ̀ dúdú kò sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Ohun tó ń sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ni kéèyàn ti pé 40, kí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ rẹ̀ sì ní glaucoma tàbí kó ti ní in rí. Ìbéèrè náà wà lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń gbé fún yín kẹ́ ẹ fọwọ́ sí. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ní in ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tí bàbá rẹ̀ ní in ní Leeds.

Ibi tó ti wọ́ ni pé bàbá tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sẹ́ni tó sọ orúkọ àrùn náà fún un. "Ojú Bàbá ti lọ" ni wọ́n sọ lórí fóònù. Wọ́n ní àgbà ló fà á, tàbí wọ́n ní ọwọ́ ayé ni. Ọmọ tó wà ní Woolwich, ẹni ọdún 45, débi ìbéèrè yẹn lórí fọ́ọ̀mù, ó sì kọ bẹ́ẹ̀ kọ́, torí ohun tó mọ̀ nìyẹn. Ó yọ owó lápò, tàbí kó tilẹ̀ ní òun ò ṣe mọ́ torí pé òun ṣì ń kàwé dáadáa láìsí awò. Àwọn tí wọ́n gbé òfin náà kalẹ̀ ro ti ẹni tí ìdílé rẹ̀ ní fáìlì nílé ìwòsàn. Bí England bá máa gbé iṣẹ́ ojú lọ sí àdúgbò lóòótọ́, ẹ̀ka òfin yìí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹni tó ti Áfíríkà ṣẹ̀ tó sì ti pé 40 máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ láìjẹ́ pé ó ní ìwé ẹ̀rí bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ní Scotland, kò sẹ́ni tó máa béèrè.

Títí ìyẹn á fi ṣẹlẹ̀, ẹ pe ilé. Ẹ ní kí wọ́n mú Bàbá tàbí Màámi lọ sí ilé ìwòsàn ojú, kí dókítà wọn ìfúnpá inú ẹyinjú wọn kó sì sọ orúkọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ó lè gba ojú kejì là fún wọn níbẹ̀. Ẹ̀yin náà á sì rí ohun tẹ́ ẹ máa kọ sórí fọ́ọ̀mù níhìn-ín. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní àdéhùn glaucoma tàbí ti ojú pàjáwìrì pẹ̀lú NHS ní àdúgbò yẹn, torí pé wọn kì í sábà kọ ọ́ sára fèrèsé. Bí ilé ìwòsàn bá sì ti ní kẹ́ ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí oṣù méje pé tí ẹ ò rí lẹ́tà, ẹ pè wọ́n, kẹ́ ẹ sì tún wọn pè.